Ọmọrogùn Nínú Ilé Ohun Ìjà

Àwọn ọmọ mi méjèèjì ló fà mí dé ilé ohun ìjà. Bí wọ́n bá fi mí sílẹ̀, n kò ní dé ibẹ̀. Láti ìgbà tí ogun ti lé wa kúrò ní abúlé wa nígbà tí mo wà ní kékeré, n kì í jókòó sí ibi tí n kò ti rí ẹnu ọ̀nà. Bí ewúrẹ́ bá sáré kọjá ní ẹ̀yìnkùlé, mo ti dìde. Ìyàwó mi a máa ní òun rò pé ọkùnrin lòun fẹ́, òun kò mọ̀ pé ẹtu ni.

Agbo ilé balógun ni ilé ohun ìjà yìí wà, ní ọ̀nà tó lọ sí ìlú Kíkà. Lọ́dọọdún, bí a bá ti kó iṣu tuntun wọlé tán, wọ́n á ṣí i. Gbogbo ilé tí ẹni wọn bá jagun yóò wá fi òrí pa ohun ìjà rẹ̀, wọn yóò gbé e lọ sílé kí àwọn ọmọ lè mọ̀ ọ́n, wọn yóò sì dá a padà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ dín. Wọ́n ní bí ọ̀kan bá dín, ogun yóò mọ̀ pé a ti túra sílẹ̀, yóò sì padà wá. Àlùfáà tó kọ́ mi ní kéwú sọ pé kò sí irú rẹ̀ nínú ìwé. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Àmọ́ n kò fẹ́ kó jẹ́ orí tèmi ni wọn yóò ti dán an wò.

Ilé tiwa kò ní nǹkan kan níbẹ̀. Bàbá mi kì í ṣe jagunjagun. Odó àti ọpọ́n ló ń gbẹ́. Ọjọ́ tí ogun dé, ó dúró sẹ́yìn kí àwa lè ráyè sá, a kò sì rí i mọ́. Àwọn ọmọ àdúgbò a wá máa bi àwọn ọmọ mi pé, "Idà ni tiwa. Kí ni tiyín?" Ọmọbìnrin mi, tí kì í gbà kí ẹnikẹ́ni borí òun, a ní, "Tiwa tóbi jù, kò gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé." Ọ̀rọ̀ yìí dé etí ìyá mi. Ó ní kí gbogbo wa jọ lọ wò ó, kí ọmọ náà yéé parọ́.

Arúgbó tó ń tọ́jú ibẹ̀ jókòó sórí àpótí, ó ń fa tábà. Kèrègbè ẹ̀tù ìbọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kò tilẹ̀ dí i lẹ́nu. Iná ẹnu ìkòkò tábà rẹ̀ ni mo ń wò.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀tù yẹn, ṣé ó ṣì ń ṣiṣẹ́?"

"A ò tíì mọ̀," ó ní. Ó tún fa tábà.

Mo fa ọmọkùnrin mi sẹ́yìn. Ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi, ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń gbóòórùn ẹ̀tù.

Arúgbó na ọ̀pá sí ara ògiri. "Apata tí ọ̀tá fi bo àyà nìyí. Ẹ wo ibi tí ọfà wa ti gbà á kọjá." Nǹkan roboto tí wọ́n fi koríko hun ni, ihò wà láàárín rẹ̀. Ìyá mi wúkọ́. "Kùmọ̀ olórí wọn sì nìyí. Inú eérú abúlé kan ni àwọn ọmọ ogun wa ti rí i. Ènìyàn mẹ́ta ló fi pa. Ẹ̀jẹ̀ wọn ló gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu yẹn."

Igi gígùn ni, ó pẹlẹbẹ lẹ́nu, iná ti jẹ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọkùnrin mi ha díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ náà, ó fi kan ahọ́n.

"Ọkà ni," ó ní.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà tọ́ ọ wò. "Ọkà tó jóná."

 Ìyá mi fi ìka tọ ìlà méjì kan tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé sí ìdí igi náà. Bàbá mi a máa gé irú rẹ̀ sára ohun gbogbo tó bá gbẹ́. Ìgbà náà ni mo tó dá a mọ̀. Ọmọrogùn ìyá mi ni, èyí tí bàbá mi gbẹ́ fún un nígbà tó gbé e níyàwó. Inú ìkòkò ọkà ló wà láàárọ̀ ọjọ́ tí a sá. Nínú gbogbo ohun tí bàbá mi fọwọ́ ṣe, òun nìkan ló kù.

"Èmi ni n ó fi òrí pa èyí," ìyá mi wí.

"Ìyá, ti ọ̀tá ni. Ẹni tó ni ohun ìjà, tàbí ẹni tó bà lára tó sì yè, àwọn nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ sí i," arúgbó dáhùn.

Ìyá mi tọ́ka sí mi. "Ó bà á. Ó sì yè."

Gbogbo ojú yí sí mi. Arúgbó yọ ìkòkò tábà lẹ́nu. "Ṣé lóòótọ́ ni, ọmọ mi?"

N kì í parọ́ fún ẹni tí ẹ̀tù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo rò ó dáadáa. "Lóòótọ́ ni, Bàbá. Ó bà mí lórí."

"Ẹ̀ẹ̀kan?"

"Ó pọ̀ díẹ̀."

"Kí lò ń ṣe lọ́wọ́?"

"Oúnjẹ ni mo fẹ́ mú."

Ó mi orí. "Ebi ogun. Ó pa ènìyàn ju ọfà lọ." Ó fọwọ́ wá orí mi, ó sì bá kókó kan níbẹ̀, èyí tí àtẹ́rígbà ilé mi ṣe lọ́jọ́ tí ewúrẹ́ kan sáré. Ó gbé igi náà fún mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé mo sọ fún yín," ọmọbìnrin mi ní. "Orí bàbá wa ni tiwa. Ẹ wò ó bóyá ó gba ẹnu ọ̀nà."

Ní ìrọ̀lẹ́, ìyá mi fi omi gbígbóná fọ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn mẹ́ta náà kúrò, ó fi ọmọrogùn rẹ̀ ro ọkà.  Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé ọmọrogùn tí a ń lò tẹ́lẹ̀ fún mi. Ó ti fi iná jó o lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ti fi ọkà ra á lẹ́nu, ó sì ti gbé e sẹ́bàá ààrò títí ó fi gbẹ.

"Gbé èyí lọ."

"Ìyá, wọ́n ní ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ dín."

"Ṣé ó dín ni? Kà wọ́n."

Àwọn ọmọ ń sáré lọ níwájú. Èmi ń wo igbó lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Arúgbó gba igi náà, ó gbé e wò lọ́wọ́. "Ó fúyẹ́ ju bó ṣe wà lánàá lọ."

"Ẹ̀jẹ̀ ló túbọ̀ gbẹ, Bàbá," ọmọbìnrin mi dáhùn kí n tó la ẹnu.

Ó gbóòórùn rẹ̀ títí. Ó wo ọmọ náà, ó wò mí, ó sì fi í kọ́ ara ògiri. "Sọ fún ìyá rẹ kó wá bá mi wo apata yẹn lọ́dún tó ń bọ̀. Mo gbọ́ nígbà tó wúkọ́."

Ìdí ààrò ni mo bá ìyá mi. Mo jíṣẹ́ fún un.

"Apata wo?" ó ní. "Àtẹ tí ìyá ọkọ mi fi ń sá èlùbọ́ nìyẹn. Eku ló dá ihò sí i." Ó ro ọkà rẹ̀ díẹ̀ sí i. "Mo sì nílò àtẹ."

Mo dìde, mo lọ wo ẹnu ọ̀nà.