Ìwé Tí Ọ̀gá Fi Nu Epo Àkàrà

Òórùn ẹrẹ̀ etí odò Ọ̀ṣun tó dà pọ̀ mọ́ ti epo dísẹ́ẹ̀lì kò tíì kúrò nímú mi. Ọdún tí mo jáde ní poli l'Ẹ́dẹ ni mo ríṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe afárá kékeré kan. Àwọn òpó kọnkéré tí yóò dábùú odò la fẹ́ gbé, ọ̀gá sáìtì sì ti pinnu pé kirénì onítáyà lòun máa háyà. Mo kọ ojú ìwé méjì fún un. Mo ní kirénì ẹlẹ́sẹ̀ katapílà ló bá ilẹ̀ ibẹ̀ mu: ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, kì í tètè rì, ó lè gbẹ́rù dání kó máa rìn, apá rẹ̀ sì ń yọ jáde láti inú ara rẹ̀ bí irin tẹ́ẹ́rẹ́ orí rédíò, a ò ní máa fi odidi ọjọ́ tò ó. N kò fi àléébù rẹ̀ pamọ́: kì í rin títì, tírélà ló máa gbé e wá.

Ọ̀gá ń jẹ àkàrà lọ́wọ́. Ó wo ìwé náà, ó fi nu epo ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Gírádúéètì, ṣé ìwé yìí ni yóò bá wa gbé òpó ni?" Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá ti jẹun tán ní sáìtì á na ọwọ́ sí mi pé kí n mú ìwé wá. Mo tún òmíràn kọ, mo tọ́jú rẹ̀ sínú àpò.

Lọ́jọ́ tí kirénì onítáyà dé, òjò ti rọ̀ mọ́jú. Mo fi ọ̀pá irin gún ibi tí yóò dúró sí, ọ̀pá wọlẹ̀ tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn. Mo fà á yọ, mo nù ún, mo dákẹ́. Kò pẹ́ tí táyà ọ̀tún fi rì, kirénì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, òpó bọ́ sódò, apá bàbá tó ń wà á sì kán. Nígbà tí agbaṣẹ́ṣe tó ni iṣẹ́ afárá náà dé, ọ̀gá ní bàbá náà ni kò mọṣẹ́, kí wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́. Bàbá kàn ní, "Ibi tẹ́ ẹ ní kí n dúró sí náà ni mo dúró sí."

Ìgbà náà ni mo yọ ìwé mi. Mo nà án sí ọ̀gá lójú agbaṣẹ́ṣe, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa kà á sókè. Èyí ò lépo." Agbaṣẹ́ṣe ní kó kà á. Ó kà á tán, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe lé e lẹ́nu iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, ọ̀gá ti di ẹrù rẹ̀ sórí ọ̀kadà, ó forí lé ọ̀nà Sẹkona. Bó ṣe ń kọjá, mo na ọwọ́ méjèèjì sí i, bí ẹni tó fẹ́ nuwọ́.

Ọ̀rẹ́ mi, n kò ní purọ́, ó dùn mọ́ mi, ó ṣì ń dùn mọ́ mi dòní. Bàbá náà ṣàdúà fún mi títí, pé èmi ni mo gba iṣẹ́ wọn là. Mo ṣe àmín. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé e wò dáadáa, ohun méjì ni mo mọ̀ nípa ilẹ̀ yẹn. Èyí tó wà nínú ìwé, gbogbo sáìtì ló gbọ́ ọ. Èyí tí ọ̀pá irin fi hàn mí láàárọ̀ ọjọ́ náà, bàbá tí apá wọn kán kò tíì gbọ́ ọ.