Ẹ̀rún Irin Tó Wọ̀ Mí Lójú

Ilé iṣẹ́ kan lẹ́yìn odi Brescia, ní Italy, ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Etí irin la máa ń fi ẹ̀rọ lọ níbẹ̀ títí yóò fi dán. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ooru mú, èémí mi bo gíláàsì tí mo fi dáàbò bo ojú. Mo ṣí i láti nù ún, mi ò sì pa ẹ̀rọ. Kí n tó ṣẹ́jú, nǹkan gbóná kan ta sí mi lójú ọ̀tún.

Mo rò pé eruku ni. Mo bu omi sí i, mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tó fi di ọ̀sán, ojú ọ̀hún kò ṣeé là mọ́. Capo wa, ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́, ọkùnrin ará Italy kan tí kì í pariwo, ló fi mọ́tò rẹ̀ gbé mi dé ọsibítù. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀, ó dì mí lápá mú.

"Sọ pé ilé lo ti ṣèṣe," ó ní. "Bí wọ́n bá gbọ́ pé ibi iṣẹ́ ni, wàhálà dé nìyẹn."

Permesso mi, ìwé tó fún mi láyè láti gbé ní Italy, ti fẹ́ẹ̀ parí, kì í sì í rọrùn fún ẹni tí kò níṣẹ́ láti gba òmíràn.

Ọmọ mi obìnrin, tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, sáré wá bá mi. Dókítà béèrè ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Mo rọra sọ fún ọmọ mi pé kó sọ fún un pé ilẹ̀kùn ni mò ń tún ṣe nílé.

"No, papà," ó ní. Italian ló máa ń fi dá mi lóhùn, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn ó wá Yorùbá kàn. "Ojú yín ni. Tó bá fọ́ ńkọ́? Ẹ sọ òótọ́."

Ojú tì mí. Èmi náà ni mo kọ́ ọ pé irọ́ kò dára.

"In fabbrica," mo sọ fún dókítà. Ibi iṣẹ́ ni.

Wọ́n yọ ẹ̀rún irin náà. Kò tó orí abẹ́rẹ́, ó sì ti ń dípẹtà.

Nígbà tí mo padà síṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹsẹ̀ mi wúwo lẹ́nu ọ̀nà. Capo pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ òsì rẹ̀. Orí ìka méjì kò sí níbẹ̀.

"Ilé ni mo sọ pé èyí ti ṣẹlẹ̀," ó ní. "Ẹ̀rù ló bà mí." Ó wọ ìbọ̀wọ́ náà padà. "Ìwọ ṣe dáadáa."

Ẹnì kankan kò lé mi lẹ́nu iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ fi ìbòrí tó ń dá ẹ̀rún irin dúró sí gbogbo ẹ̀rọ wa lóṣù yẹn. Ojú ọ̀tún mi ń ríran, ó kàn máa ń ṣomi bí afẹ́fẹ́ òtútù bá fẹ́ sí i ni.