Àdúrà Tí Ayẹni Gbà Padà

Kò sí ẹni tó lè sọ pé Ayẹni kò mọ iṣẹ́ fíríìjì. Ìkàrẹ́ ló ti wá, ó sì ti lé lógún ọdún tó ti ń tún fíríìjì ṣe ní Agbówó, ní iwájú yunifásítì. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n gan-an kì í gbé tiwọn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ohun tí Ayẹni kò mọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń pa ẹnu mọ́, pàápàá tí ọ̀rọ̀ ìjọba bá ti wọ̀ ọ́.

Ní ọdún 1997, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gbé òfin kan dé. Wọ́n ní gáàsì àtijọ́ tí wọ́n ń rọ sí fíríìjì ń ba ojú ọ̀run jẹ́, pé oòrùn á bẹ̀rẹ̀ sí í mú ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n ní kí gbogbo àwọn tó ń tún fíríìjì ṣe wá sí Dùgbẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ọjọ́ mẹ́ta nípa gáàsì tuntun, kí wọ́n gba ìwé, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí kò bá ní ìwé, wọ́n á ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa.

Ayẹni rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ìjọba tí kò rí iná fún wa lò, ojú ọ̀run ló wá fẹ́ tún ṣe?" Ó ní ọkọ̀ àwọn tó wá ka òfin náà fún àwọn ń rú èéfín débi pé àwọn ò rí ara àwọn, ṣé ìyẹn kì í gòkè ni? Ká má parọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí. Èmi náà rí ọkọ̀ yẹn.

Ọ̀rọ̀ ì bá mọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n Olúdọ̀tun ni wọ́n mú pé kó wá kọ́ wọn. Ọdún mẹ́fà ni Olúdọ̀tun fi kọ́ṣẹ́ lábẹ́ Ayẹni, pálọ̀ Ayẹni ló ń sùn. Lọ́jọ́ òmìnira rẹ̀, ó kúnlẹ̀, Ayẹni gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ṣàdúrà títí ó fi rẹ àwọn tó ń ṣe àmín. Ó wá ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Ìwó Road, ó sì ti lọ kẹ́kọ̀ọ́ gáàsì tuntun náà l'Ékòó.

Ọjọ́ Ajé ló wá bá ọ̀gá rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku iwájú ṣọ́ọ̀bù.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá. Tí wọ́n bá rí yín, àwọn yòókù á wá. Gáàsì tuntun yẹn kò gbọdọ̀ pàdé ti àtijọ́ nínú ẹ̀rọ kan náà, epo wọn ò bára mu. Ẹ má gba ti ojú ọ̀run gbọ́ tí kò bá wù yín. Ẹ ṣáà gbọ́ ti epo."

Ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí nìyẹn. Ká ní ẹlòmíràn ló sọ ọ́, bóyá Ayẹni ì bá gbọ́. Ṣùgbọ́n kí ọ̀gá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kí ọmọṣẹ́ rẹ̀ di ṣọ́ọ̀kì mú? Ojú àwọn oníbàárà ló ti dáhùn.

"Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Èmi tí mo kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń di sípánà mú, ìwọ lo fẹ́ wá kọ́ mi níṣẹ́? Ó dáa. Àdúrà tí mo ṣe fún ẹ lọ́jọ́ òmìnira, mo gbà á padà."

Ayẹni fúnra rẹ̀ mọ̀ pé òun ti kọjá àyè, ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Olúdọ̀tun dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé, ọ̀gá," ó sì lọ.

Oṣù yẹn náà ni Nọ́ọ̀sì Bọ́láwùmí, tó ní ilé ìgbẹ̀bí ní Bódìjà, ránṣẹ́ sí Ayẹni. Fíríìjì tuntun tó ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára sí kò tutù mọ́. Wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀: gáàsì tuntun nìkan ni kí wọ́n rọ sí i. Ayẹni kà á. Ó pòṣé, ó ní òfin ìjọba tún ti bá òun dé ẹ̀yìn fíríìjì. Gáàsì ni gáàsì. Ó rọ ti àtijọ́ sí i.

Ó tutù fún ọjọ́ méjìlá. Lọ́jọ́ kẹtàlá, ẹ̀rọ náà kú, gbogbo abẹ́rẹ́ sì gbóná. Nígbà tí Ayẹni débẹ̀, àwọn ìyá ọlọ́mọ kún orí bẹ́ǹṣì, òmíràn ti Ṣáṣá wá. Nọ́ọ̀sì ń da abẹ́rẹ́ nù, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa lọ sílé. Àwọn ọmọ ń wo Ayẹni láti ẹ̀yìn ìyá wọn, kò mọ ibi tó máa gbé ojú sí.

Nọ́ọ̀sì ti ránṣẹ́ pe Olúdọ̀tun náà. Olúdọ̀tun da epo ẹ̀rọ náà sórí bébà. Ó ti dúdú, ó ti ki bí ògì. Ó wo ọ̀gá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Nọ́ọ̀sì bi í pé, "Kí ló pa á?"

"Iná ni, mà. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ló jó o."

Ó bò ó láṣìírí. Ibẹ̀ ló yẹ kí Ayẹni ti lanu, kó ní òun ni, kó ní ọmọ mi, má bínú. Kò sọ nǹkan kan. Títí dòní, ohun tó dùn ún jù nìyẹn.

Ó ní òun á lọ bá a lọ́la. Ìtìjú sọ ọ̀la di ọ̀sẹ̀, ó sọ ọ̀sẹ̀ di oṣù márùn-ún. Nígbà tó wá lọ sí Ìwó Road, táyà ni wọ́n ń tà nínú ṣọ́ọ̀bù Olúdọ̀tun. Ó bi Àbẹ̀ḿbí, aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Àbẹ̀ḿbí ní, "Ó ti lọ sí Gàbọ̀n, bàbá. Ó ti tó oṣù méjì. A bẹ̀ ẹ́ títí pé kó má lọ, torí iṣẹ́ ń wọlé fún un dáadáa. Ó ní ọ̀gá òun ti gba àdúrà òun padà, pé kò sí nǹkan tí òun máa fọwọ́ kàn n'Ìbàdàn tó máa dúró. Irú ọ̀gá wo nìyẹn? Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ni?"

Ayẹni ní bẹ́ẹ̀ ni, òun mọ̀ ọ́n.