Iyẹ̀pẹ̀ Tí A Yan Bí Gàrí

Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ìrọ̀lẹ́ ni. Ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Abẹ́òkúta ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní Ifọ̀. Àwa mẹ́ta la wà ní ẹ̀yìnkùlé mi: èmi, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan, òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn, tó gun kẹ̀kẹ́ wá. Agolo mẹ́fà wà níwájú wa, ọmọ ọsàn kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọn kò dàgbà, ewé wọn sì pọ́n bí ojú ẹni tí ibà ń ṣe.

Ìyàwó mi ló gbin igi tí wọ́n ti wá. Òun ti kú. Ìjì sì wó igi náà tẹ̀lé e. Inú èso ìkẹyìn ni mo ti yọ kóró mẹ́fà yìí. Bí wọ́n bá kú, ọsàn rẹ̀ tán láyé nìyẹn. N kò sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ohun tó sì dá ọ̀ràn sílẹ̀ nìyẹn. Mo ti dàgbà kí n tó kọ́ ìwé, ní ilé-ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ àwọn àgbàlagbà. Òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn yìí wá síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó bá wa sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Nígbà tí mo délé, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, tó ń bá mi gbé láti ìgbà tí àbúrò rẹ̀ ti kú, bi mí pé kí ni wọ́n kọ́ wa.

"Ohun abẹ̀mí tí ojú kò rí wà nínú ilẹ̀," ni mo wí. Mo bá jókòó ti ẹ̀bà mi.

Gàrí ni obìnrin yìí ń yan tà. Ó máa ń gbá àgbàlá títí adìẹ kò fi ní rí nǹkan ṣà jẹ. Mo ti bu iyẹ̀pẹ̀ sínú agolo nígbà náà, ó ku kí n gbin kóró. N kò mọ ohun tó fi iyẹ̀pẹ̀ náà ṣe nígbà tí mo lọ sóko.

Òṣìṣẹ́ náà bu iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Bàbá, kí lẹ fi ṣe ilẹ̀ yìí? Ó dà bí ohun tó jóná."

"Kò jóná," ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi wí. "Mo mọ iṣẹ́ mi. Mo yan án ni."

"Ẹ yan ilẹ̀, Ìyá?"

"Nínú agbada. Mo sì jọ̀ ọ́. Ọkọ wa ló ní nǹkan abẹ̀mí wà níbẹ̀. Kò sí mọ́."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wò mí. Èmi wo agolo.

"Ìyá, àwọn kan ń pa irúgbìn lóòótọ́. Àwọn kan ló sì ń bọ́ ọ. Ẹbí olú kan wà, tínrín bí òwú, tó ń lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò ọsàn. Ó ń bá a wá oúnjẹ níbi tí gbòǹgbò kò lè dé. Ẹ ti pa alásè, ẹ wá ń bínú pé ọmọ kò sanra."

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi yíjú sí mi. "Ẹ gbọ́ gbogbo èyí, ẹ wá bu gbólóhùn kan fún mi?"

"Ebi ń pa mí."

"Ebi! Abájọ tí àbúrò mi fi máa ń bá igi ọsàn sọ̀rọ̀."

Òṣìṣẹ́ náà wúkọ́. Ó ní kí a bu iyẹ̀pẹ̀ níbi tí igi àtijọ́ wà, kí a fi sí ìdí àwọn ọmọ ọsàn náà.

"Ẹ jọ̀wọ́, Ìyá, ní tútù."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé ọkọ́ lọ sí ìdí kùkùté náà. Mo bu ẹ̀kúnwọ́ kọ̀ọ̀kan sínú agolo, mo bomi rin wọ́n. Lẹ́yìn náà, mo lọ dúró ti ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi nídìí agbada, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ wa nípa ilẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ti ń sọ ọ́ fún ìgbà díẹ̀ kó tó gbé ọwọ́ sókè.

"Ọkọ wa, ó tó. Gàrí mi ń jó."

Mo padà sí ẹ̀yìnkùlé, mo sọ ìyókù fún àwọn ọmọ ọsàn.