Ẹ̀wù Òtútù Ni Verna Hietala Fi Ń Wọn Ọmọ

Bí ẹ bá bi ọmọdé kan ní Karvola, ìlú wa, pé kí ló fẹ́ dà lálẹ́ Halowíìn, yóò kọ́kọ́ wo ojú ọ̀run kó tó dáhùn. Ìparí oṣù kẹwàá ni alẹ́ náà, tí àwọn ọmọ máa ń múra bí iwin tàbí ẹranko, máa ń bọ́ sí, yìnyín etí adágún tiwa yìí kì í sì í tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó dé. Ọmọ lè fi odindi oṣù múra àtidi labalábá, kí ìyá rẹ̀ wá ju ẹ̀wù òtútù lé e lórí lẹ́nu ọ̀nà, kí labalábá di ìrọ̀rí tó ń rìn láti ojúlé dé ojúlé, tó ń tọrọ súìtì. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí gbogbo wa. Ẹnì kan ṣoṣo ló ká lára débi tó fi wá nǹkan ṣe sí i, Verna Hietala ni.

Ilé ìdáná iléèwé ni Verna ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Obìnrin gíga ni, ohùn rẹ̀ le, kì í sì í da ohunkóhun nù. Páálí tí wọ́n fi gbé fìríìjì wá, ike wàrà, páálí ẹyin, aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó ti já láàárín, gbogbo rẹ̀ ló ní àyè tirẹ̀ nínú gáréèjì rẹ̀. Nígbà tí Waino ọkọ rẹ̀ wà láyé, ó máa ń sọ pé bí òun bá jókòó pẹ́ jù lójú kan nínú ilé yẹn, Verna á gé òun ṣe ìyẹ́ apá. Láti inú gáréèjì náà ni ọkọ̀ ojú irin, ìjàpá, ẹja ńlá àti ìkòkò ọbẹ̀ tó ń fẹsẹ̀ rìn ti jáde wá sí ìgboro Karvola, láìsí pé òbí kankan ná ju owó gọ́ọ̀mù lọ.

Òfin kan ni Verna ní. Ọmọ tó bá fẹ́ kí ó ṣe aṣọ Halowíìn fún òun gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀wù òtútù wá sílé rẹ̀, ì báà jẹ́ nígbà tí oòrùn oṣù kẹsàn-án ṣì ń jó wa. A máa ń rí wọn lójú ọ̀nà, òógùn bò wọ́n, wọ́n ń lọ síbi ìwọn. Bí ọmọ kan bá dé láìwọ ẹ̀wù, ẹnu ọ̀nà ni Verna ti máa dá a padà. "Padà lọ wọ ẹ̀wù rẹ," ni yóò wí. "Èmi kì í wọn ìhòòhò." Orí ẹ̀wù yẹn ni yóò ti wọ̀n ọ́n, kí ìjàpá lè gba ọmọ àti ẹ̀wù pọ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò fi àjókù àbẹ́là ra gbogbo ara páálí títí yóò fi máa dán, kí yìnyín má baà sọ ọ́ di ẹ̀kọ.

Iwájú ilé rẹ̀ náà kò gbẹ́yìn. Á ya ojú iwin sára àwọn ike wàrà, á ti iná Kérésì sínú wọn, á tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà láti ẹnu géètì dé àtẹ̀gùn. Á di pòpòrò àgbàdo mọ́ òpó. Kì í gbẹ́ ojú sára elégédé àfi tí ọjọ́ bá kù sí dẹ̀dẹ̀, torí pé bí òtútù bá ti mú un, ẹnu rẹ̀ á wọlé bí ẹnu arúgbó tó yọ eyín àtọwọ́dá. Delphine Beaudry, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbé ní òdìkejì títì, ló ń ra oríṣiríṣi iwin onírọ́bà nílé ìtajà, èyí tí wọ́n ń fi iná mànàmáná fẹ́ atẹ́gùn sí kó lè dúró.

"Verna, iwájú ilé rẹ tún ti di ààtàn," Delphine á ké sí i láti ọ̀hún.

"Ààtàn tèmi dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, Delphine. Iwin tìẹ ti dojú bolẹ̀ o. Lọ gbé e dìde kó má baà kú lẹ́ẹ̀kejì."

Àṣà kan wà ní Karvola tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Bí àwọn ọmọ bá ti tò rìn la ìgboro kọjá, iwájú ilé panápaná ni wọ́n máa ń parí sí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á gun àtẹ̀gùn ọkọ̀ panápaná, ọ̀gá ibẹ̀ á sì bi wọ́n léèrè lójú gbogbo ìlú pé, "Kí nìyí? Ta ló ṣe é?" Fún ọdún gbọọrọ, ìdajì àwọn ọmọ ló ń dáhùn pé Verna ni. Ó ń dúró níbẹ̀, ó ń mu kọfí, ó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Irọ́ ni, gbogbo rẹ̀ ló ń gbọ́.

Ìdáhùn kan ṣoṣo ló ń dùn ún. Marlys, ọmọ bíbí inú rẹ̀, ni labalábá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹkún tí ọmọ náà sun lábẹ́ ẹ̀wù òtútù lọ́jọ́ yẹn ló sọ Verna di ẹni tó ń fi ẹ̀wù wọn ọmọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí Marlys dàgbà díẹ̀, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ra tiwọn nílé ìtajà, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Lọ́dún tó gun ọkọ̀ panápaná kẹ́yìn, nígbà tí wọ́n bi í pé ta ló ṣe aṣọ rẹ̀, ilẹ̀ ló ń wò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọ̀gá panápaná tún un bi kó tó fi ohùn kékeré sọ pé, "Ìyá mi." Verna gbé kọfí rẹ̀ mì, kò sì sọ̀rọ̀ ọjọ́ náà fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó yá, Marlys lọ sí Arizona níhà gúúsù, níbi tí àwọn ọmọ ti ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì lásán jáde lálẹ́ Halowíìn, ó lọ́kọ síbẹ̀, ó bímọ síbẹ̀.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, làkúrègbé ti ká gbogbo ìka Verna kò. Kò lè di àlùmọ́gàjí mú mọ́. Àwọn òbí wá, ó ní kí wọ́n máa bínú, wọ́n sì lọ sílé ìtajà. Ọdún yẹn kan náà ni ìgbéyàwó Marlys tú ká, ló bá kó ẹrù rẹ̀, ó mú Junie ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó padà sílé ìyá rẹ̀. Ohun tó wá ń jẹ Verna lọ́kàn kò ju ọ̀kan lọ: bí ẹnì kankan kò bá gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ òun, yóò kú mọ́ òun lọ́wọ́. Marlys ló fẹ́ kó gbà á. Ṣùgbọ́n Verna tí mo mọ̀ á kọ́kọ́ jẹ páálí kó tó bẹ ọmọ rẹ̀.

"Òwìwí ni mo fẹ́ dà," Junie wí nídìí oúnjẹ àárọ̀. "Mummo, ẹ ṣe é fún mi." Mummo ni àwọn ọmọ wa tó jẹ́ ìran Fínláǹdì ń pe ìyá àgbà.

"Ọwọ́ Mummo ti ṣíwọ́ iṣẹ́, ọkọ mi."

"A óò lọ rà á," Marlys wí. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀, ó wo ọwọ́ ìyá rẹ̀ lórí tábìlì. "Ẹ fi í sílẹ̀ ná. Màá ṣe é fúnra mi. Ṣùgbọ́n Màámi, mo bẹ̀ yín, ẹ má fọwọ́ kàn án."

"Ta ló fẹ́ fọwọ́ kàn án?" Verna dìde, ó wọ yàrá lọ, ó gbé àpótí kan jáde. Àwọn ṣẹ́ẹ̀tì onírun tí Waino máa ń wọ̀ lọ gégi ló wà nínú rẹ̀, aláwọ̀ ilẹ̀, aláwọ̀ eérú, aláwọ̀ ìpáàrà.

"Ti Bàbá nìyí," Marlys wí.

"Mo mọ̀. Òun ló ní màá gé òun ṣe ìyẹ́ apá."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Lọ́jọ́ náà ni Marlys mú àlùmọ́gàjí.

Ó mọ iṣẹ́ náà, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ó ń gé ìyẹ́, ó ń já etí wọn kó lè rí wúruwùru bíi ti ẹyẹ gidi, ó ń tò wọ́n léra láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ṣùgbọ́n ara gáùn dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló ń rán wọn mọ́, inú aṣọ àwọ̀sùn ni Junie sì wà nígbà tó wọ̀n ọ́n. Arizona ti mú kó gbàgbé ẹ̀wù òtútù. Verna rí i lójú ẹsẹ̀.

"Màámi, ẹ̀ ń wò mí."

"Mi ò wo nǹkan kan."

"Ẹ̀ ń wò mí bí ẹ ṣe máa ń wò mí tí mo bá ń wakọ̀. Ṣé ó burú ni?"

"Ó rẹwà," Verna wí. Òótọ́ sì ni.

Delphine ni Verna lọ sọ ọ́ fún. "Ọmọ yẹn á gan sójú títì," Delphine wí. "Kí ló dé tí o ò bá a sọ ọ́?"

"Bí mo bá fi lè sọ ọ́, á ju àlùmọ́gàjí sílẹ̀. O ò mọ bí mo ṣe pẹ́ tó tí mo ti ń retí kó mú un."

"Ìwọ àti ọmọ rẹ, olórí kunkun ni yín."

"Ibo ni ìwọ rò pé ó ti rí tiẹ̀?"

Lọ́jọ́ Halowíìn, yìnyín bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án. Nígbà tí Junie ti iléèwé dé, ọ̀nà ti funfun báláú. Marlys gbé gáùn òwìwí lé orí ẹ̀wù òtútù ọmọ náà, kò gbà. Ó fà á, apá kan ya. Ló bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ilé ìdáná, gáùn lórí itan rẹ̀.

"Ẹ mọ̀," ó wí fún ìyá rẹ̀.

"Mo mọ̀."

"Látìgbà wo?"

"Látìgbà tí o ti wọn ọmọ nínú aṣọ àwọ̀sùn."

"Ẹ wá dákẹ́?"

"O ní kí n má fọwọ́ kàn án. Mi ò fọwọ́ kàn án."

Junie ń wò wọ́n. "Ṣé ẹ̀wù ni màá wọ̀ lé e lórí ni?" ó bèèrè. Labalábá ọjọ́sí ni Verna rí lójú rẹ̀, àánú sì ṣe é gan-an. Ó ní, "Mú gáùn yẹn wá. A óò la ẹ̀yìn rẹ̀, a óò fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì dí àlàfo rẹ̀." Bó ṣe máa ń ṣe é nìyẹn bí ọmọ bá sanra kọjá ìwọn.

Ẹ̀wù òtútù tó wà lọ́rùn ọmọ ni Marlys ń wò. "Rárá," ó wí níkẹyìn. "Junie, bọ́ ẹ̀wù yẹn fún mi." Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó na apá rẹ̀ méjèèjì. "Màámi, kí ló dé tí a fi ń wá nǹkan tí a máa fi bo ẹ̀wù? Ẹ jẹ́ kí ẹ̀wù fúnra rẹ̀ di òwìwí. A óò fi òwú gígùn so ìyẹ́ mọ́ ọn, lọ́la a óò já a kúrò, á wọ ẹ̀wù rẹ̀ lọ síléèwé."

Gbogbo ọdún tí Verna fi ń ṣe iṣẹ́ yìí, àyè ló ń wá fún ẹ̀wù òtútù bí àlejò tí a ò pè. Kò wá sí i lọ́kàn rí pé a lè sọ àlejò náà di ọmọ ilé. Ó kọ́kọ́ dùn ún díẹ̀, èèyàn ni òun náà. Lẹ́yìn náà ni inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn.

"Ọgbọ́n yìí kò wá sí mi lórí rí," ó wí.

"Ẹ̀yin náà?"

"Kò wá rí láyé mi."

Ó fa àga, ó jókòó, ó ń ṣa ìyẹ́ tí wọ́n já kúrò lára gáùn lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, èyí tó dúdú fún ìsàlẹ̀, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún òkè. Junie ń fi àbẹ́là ra ojú òwìwí tí wọ́n fi páálí ẹyin ṣe. Marlys ń rán lọ, abẹ́rẹ́ ń gún un, ó ń ṣépè, kò sì dúró.

Ìgboro kún nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Nítorí pé Verna kò ṣiṣẹ́ lọ́dún yìí, ẹ̀wù òtútù ti bo aṣọ ilé ìtajà gbogbo mọ́lẹ̀, èèyàn ò mọ èwo ni ọbabìnrin, èwo ni kìnnìún. Àfi òwìwí kan tó ń bọ̀ láàárín wọn. Nígbà tó gun ọkọ̀ panápaná, ó na apá rẹ̀, gbogbo ìyẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì Waino sì ṣí sílẹ̀. Àwọn èèyàn ti ń wo Verna kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè ohunkóhun.

"Kí nìyí?" Orrin Tervo, ọ̀gá panápaná, bèèrè.

"Òwìwí ni mí."

"Ta ló ṣe é?"

"Màmá mi ló ṣe é," Junie wí.

Àwọn tó ti ń wo Verna kò mọ ibi tí wọn yóò gbé ojú sí mọ́. Delphine fi ìgbọ̀nwọ́ gún Verna. Marlys dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, yìnyín lórí irun rẹ̀, ilẹ̀ ló ń wò.

"Orrin," Verna ké sí i, ohùn tó fi ń pa gbogbo ọmọ iléèwé lẹ́nu mọ́ nígbà oúnjẹ ọ̀sán ló lò, "etí mi ò gbọ́ o. Tún un bi í."

"O gbọ́ ọ dáadáa," Delphine wí lábẹ́lẹ̀.

"Dákẹ́, Delphine."

Orrin tún un bi. Junie fi igbe dáhùn, wọ́n gbọ́ ọ dé etí adágún.

"Mi ò tíì gbọ́," Verna wí.

Ìgbà yìí ni Marlys gbé ojú sókè. Ó wo ìyá rẹ̀, ó sì yé e pé ẹnu òun gan-an ni ìyá òun fẹ́ ti gbọ́ ọ. Kò dúró de Orrin mọ́. "Èmi ni mo ṣe é," ó wí, ohùn rẹ̀ dún ketekete lójú gbogbo ìlú. "Èmi Marlys, ọmọ Verna Hietala."

"Ẹ̀n-ẹ́n," Verna wí, ó sì gbé kọfí rẹ̀ sẹ́nu. "Mo ti gbọ́ báyìí."