Gẹ̀ẹ́sì àti Ṣáínà Lórí Igi Wa

Bàbá ọkọ mi ta pákó ní Ìkòtún títí eékún rẹ̀ fi kọ̀ ọ́. Bàbá tó bí mi, tí mo ń pè ní Dádì, kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì títí ìjọba fi ní kó lọ sinmi. Bàbá ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Ìdímù. Gowon Estate ni Dádì ń gbé, àmọ́ tó bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà lọ́jọ́ Ìsinmi, ilé wa ló ń bọ̀ wá jẹun. Bàbá náà á ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà nínú sùtánà funfun rẹ̀. Wọn ò tíì ní fọwọ́ tán tí ọ̀rọ̀ igi á fi dé.

Ohun tí wọ́n ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́ ni pé orílẹ̀-èdè wo ló ń ra igi wa jù. Bàbá ní kò sẹ́ni tó lè bá Gẹ̀ẹ́sì dù ú. Ojú òun ni wọ́n ṣe ń yí ọ̀gànwó àti arère wọ ọkọ̀ òkun nígbà tí òun wà lọ́dọ̀ọ́. Dádì ní ìtàn àtijọ́ nìyẹn, Ṣáínà ló ń kó gbogbo rẹ̀ báyìí. Bàbá á ní, ṣé àwọn tó ń ta ṣíbí oníke fún wa ló wá mọ igi?

Ó sú mi jàre. Lọ́jọ́ kan, bí mo ṣe ń palẹ̀ abọ́ mọ́, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n dá ẹjọ́ náà, àmọ́ ẹni tó bá jẹ̀bi á lọ jọ́sìn ní ṣọ́ọ̀ṣì ẹnì kejì. Kíá ni wọ́n gbà, torí kálukú ti gbà pé òun ló máa jàre. Ọkọ mi wo ojú mi, ó rọra yọ́ wọ kíṣìnì.

Mo wá a lórí fóònù. Mo rí àwòrán kan tó fi igi ilẹ̀ olóoru bíi tiwa tí orílẹ̀-èdè méjèèjì ń kó wọlé hàn láti ayé àtijọ́. Ìlà Gẹ̀ẹ́sì ga lápá òsì, ó wá ń sọ̀ kalẹ̀. Ti Ṣáínà wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó wá gbéra, ó kọjá ti Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń gòkè lọ. Bàbá fi àtàǹpàkò bo apá ọ̀tún, ó ní òun ti rí ohun tí òun ń wá. Dádì nu gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní kí àna òun jọ̀ọ́ gbé ọwọ́ kúrò lórí Ṣáínà.

“Bàbá jàre nípa ti àtijọ́,” ni mo wí, “Dádì jàre nípa ti ìsinsìnyí. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jẹ̀bi.”

Bàbá bi Dádì pé irú ọmọ wo ló bí yìí. Dádì ní kò rí bẹ́ẹ̀ kó tó wọ ilé ọkọ.

Nígbà tí ọjọ́ Ìsinmi pé, ọkọ mi mú Bàbá lọ sí Áńgílíkà, èmi mú Dádì lọ sí Aládùúrà. Dádì bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó ń tẹ ilẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń rìn lórí ẹ̀gún. Nígbà tí a ń jáde, wòlíì obìnrin kan dá a dúró, ó ní òun rí obìnrin kan nínú ẹbí rẹ̀ tó ń fi í ṣeré. Dádì yíjú wò mí. Mo wo òkè.

Ọkọ mi ròyìn pé Bàbá sùn nígbà ìwàásù. Ibi tí gbogbo ìjọ ti dákẹ́ rọ́rọ́ ló ti jí, ó sì ké “Halelúyà” tó fi jẹ́ pé àlùfáà gbàgbé ibi tó kàwé dé. Àwọn ìyá ìjọ rọ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ní kó tún wá.

Nídìí oúnjẹ, kò sẹ́ni tó dárúkọ igi. Inú mi dùn, mo bu ìrẹsì fún wọn. Dádì tọ́ ọ wò, ó ní láyé ìsinsìnyí, Íńdíà ló ń fi ìrẹsì bọ́ gbogbo ayé.

Bàbá gbé ṣíbí sílẹ̀.

“Táílàndì ńkọ́?”