Ọjọ́ Tí Dádì Abuja Rò Pé Festac Ti Close

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀ kí n ròyìn ohun tójú mi rí ní Sátidé tó kọjá. Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ó kù díẹ̀ kí n sunkún lọ́jọ́ náà!

Èmi àti Démọ́lá fẹ́ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Bàbá Démọ́lá ti ṣaláìsí, àbúrò wọn tó ń gbé Abuja ló dúró bíi bàbá fún un. Dádì Abuja la máa ń pè wọ́n. Wọ́n lawọ́, wọ́n sì fẹ́ràn mi, àmọ́ ẹnu wọn! Wọ́n ní kí la fẹ́ máa wò ní Festac tí ilé wa wà? Pé àwọn èèyàn àwọn tó ń bọ̀ láti Abuja fẹ́ rí Èkó, wọ́n fẹ́ rí nǹkan àṣà, wọ́n fẹ́ ríbi jókòó sí mu nǹkan tútù. Wọ́n ní hòtẹ́ẹ̀lì kan wà ní Island, ibẹ̀ ni ká ti ṣe é.

Ẹ gbà mí o. Ilé ta ni wọ́n ti ń tọrọ ọmọ? Ṣé hòtẹ́ẹ̀lì ló bí mi ni?

Bàbá mi, tí wọ́n fi gbogbo ọjọ́ orí wọn ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n sì tọ́ gbogbo wa dàgbà nínú fúláàtì yẹn, ò jiyàn. Wọ́n kàn ní bó bá ṣe wu àwọn àna ni kí wọ́n ṣe é, wọ́n sì wọ yàrá lọ. Ó dùn mí wọ akínyẹmí ara.

Ni mo bá pe Dádì Abuja. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tó sanwó hòtẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n wá lo ọ̀sán kan péré lọ́dọ̀ wa. Bí ibẹ̀ ò bá wù wọ́n, mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n gbà.

Nígbà tí Sátidé dé, bàbá mi dé fìlà tí wọ́n máa ń dé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n lọ jókòó sí joint point-and-kill tó wà lẹ́yìn ilé wa, níbi táwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ti máa ń ta draft. Alàgbà ìjọ ni bàbá mi o, malt ni wọ́n ń mu níbẹ̀, ẹ má yọ wọ́n lẹ́nu! Wọ́n fọwọ́ ara wọn yan ẹja nínú omi, wọ́n ní àlejò àwọn ń bọ̀.

Dádì Abuja wá pè mí pé àwọn ti dé Apple Junction, ibo ni káwọn gbà? Network ń já wọ́nwọ́n. Mo pariwo pé, "Joint ẹlẹ́ja, Dádì! D Close!" Ni fóònù bá gé.

A retí títí. Ẹja jinná, ó tún tutù. Àwọn ọ̀rẹ́ bàbá mi ò ráyè draft mọ́, ojú ọ̀nà ni wọ́n ń wò. Ọ̀kan nínú wọn béèrè pé ṣé àlejò yìí ṣì ń bọ̀ ṣá? Bàbá mi ní wọ́n ń bọ̀. Àmọ́ mo rí i pé wọ́n kàn ń tún fìlà wọn ṣe ṣáá, àánú wọn sì ṣe mí.

Ìgbà tí mo fi máa rí Dádì Abuja bá sọ̀rọ̀, wọ́n ti wà ní Mazamaza, Island ni wọ́n dorí kọ! Inú ń bí wọn gan-an. Wọ́n ní ṣebí èmi ni mo fẹnu ara mi sọ pé joint ẹlẹ́ja ti close? Kí ló dé tí mo fi ní káwọn wá nígbà náà?

Ẹ̀yin ará Festac, ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀! Lọ́dọ̀ tiwa, avenue ló bí road, road ló bí close, inú close lèèyàn sì ń gbé. Nọ́ńbà àti lẹ́tà lorúkọ àdúgbò wa. Èmi pe "D Close", àwọn gbọ́ "ti close". Mo ṣàlàyé títí, ẹ̀rín pa dírẹ́bà wọn, ó pa àwọn náà, wọ́n ní kó yí mọ́tò padà.

Bí wọ́n ṣe dé, bàbá mi ò rojọ́ kankan. Wọ́n dìde, wọ́n fún àlejò níjòókòó, wọ́n ní kí wọ́n gbé ẹja kaná. Nígbà tí ìyá tó ń se ẹja gbé e dé, bàbá mi fi Ijaw, èdè ìyá náà, dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ìyá sì fi Yorùbá tó dán mọ́rán dáhùn. Ọ̀rẹ́ bàbá mi tó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nídìí draft, tó ń pòwe bí ará Ọ̀yọ́, ọmọ Calabar ni! Dádì Abuja ò gbà gbọ́, àfìgbà tí bàbá náà fẹnu ara wọn sọ ọ́.

Lẹ́yìn náà ni bàbá mi mú wọn rìn. Wọ́n sọ bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn ilé yìí kí àwọn adúláwọ̀ láti gbogbo ayé lè ríbi sùn nígbà àjọ̀dún àṣà, àti bí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe mú ìbò kí wọ́n tó ríbi gbà lẹ́yìn tí àlejò lọ. Wọ́n mú wọn dé etí omi, wọ́n fi àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi hàn wọ́n. Ohùn bàbá mi ń ròkè sí i, mo kàn ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Inú mi dùn débi pé mi ò rántí pé ẹsẹ̀ ń dùn mí.

A padà délé. Dádì Abuja dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọn ò wọlé. Wọ́n yíjú sí bàbá mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ilé yín la ti máa wá tọrọ ọmọ, tẹ́ ẹ bá ṣì máa gbà wá."

Bàbá mi ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu.

"Ẹ máa kó wọn bọ̀. Àyè wà."

Ẹ̀yin ará mi, àwọn àgbà ní a kì í fọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Bí àlejò bá bi yín pé kí ló wà ládùúgbò yín, ẹ má yára rán an lọ sọ́nà jíjìn. Ibi tí bàbá yín ń jókòó sí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú un lọ.

Ẹ̀yin ńkọ́? Tí èmi bá wá sí àdúgbò yín lọ́la, ibo lẹ máa mú mi lọ? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, kí gbogbo wa rí i. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ibi tí inú yín ń dùn sí.